Owó Tó Ń Tẹ̀lé Owó Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba òṣìṣẹ́ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, tẹ́ ẹ sì máa ń ní kí wọ́n máa lọ nígbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì wà nínú yín, ẹni tó ń sin adìẹ sílẹ̀ de ọdún wà nínú yín, ẹni tó ń ra kaṣú jọ l'Ógbómọ̀ṣọ́ nígbà ìkórè náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ má bàa fọ́n ká, ilé ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, Ṣómólú l'Ékòó ni màá sì gbé e sí.

Gbogbo ẹni tó bá ti tẹ ìwé rí l'Ékòó ló mọ Ṣómólú. Láti oṣù Kẹwàá títí di ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ẹ̀rọ kì í sinmi láwọn òpópónà wọ̀nyẹn. Kàlẹ́ńdà ni, dáyárì ni, káàdì ni, ìwé ètò ìdúpẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà látọdún dé ọdún ò lè dá iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú wọn. Yóò wá àwọn tó máa to abala ìwé, àwọn tó máa lu ihò sí i, àwọn tó máa fi wáyà di kàlẹ́ńdà, àwọn tó máa gé e, àwọn tó máa kó o sínú páálí. Ká ní ó gba èèyàn méjìlá fún oṣù mẹ́ta, tó sì bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ná an sí ₦100,000 lóṣù. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ₦1,200,000 lóṣù, ₦3,600,000 fún oṣù mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi owó pépà kún un, ó fi owó yíǹkì àti owó dísẹ́ẹ̀lì kún un, ó gbé èrè lé e, ó sì sọ iye rẹ̀ fún oníbàárà. Oníbàárà san ìdajì sílẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń jò. ₦3,600,000 yẹn kọ́ ni iye tí èèyàn méjìlá náà máa ná ọ̀gá wa. Owó kan ṣì wà tó ń tẹ̀lé owó iṣẹ́, tí òfin gbé ka ọrùn agbanisíṣẹ́, tí kì í sì í dé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú owó iṣẹ́. Ìgbà tó bá fi máa dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti túká, oníbàárà ti kó kàlẹ́ńdà rẹ̀ lọ, èrè sì ti di owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Mi ò gbà pé ìwà àìṣòótọ́ ló ń fa irú gbèsè yìí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀gá. Ohun tó ń fà á ni pé wọn ò kà á mọ́ iye iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì lè gbà á lọ́wọ́ oníbàárà. Owó tẹ́ ẹ ò bá kà mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó dá iye iṣẹ́ lé, inú èrè yín lẹ máa yọ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ jẹ òṣìṣẹ́ níyà.

Kí n kọ́kọ́ dá àwọn kan lóhùn. Wọ́n á ní, "Kaṣúà ni wọ́n, òfin ò kà wọ́n sí òṣìṣẹ́." Òfin kà wọ́n sí i. Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, ìyẹn òfin ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, sọ ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́: ẹnikẹ́ni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni, yálà wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ tàbí ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, yálà iṣẹ́ ìgbà gbogbo ni tàbí ti ààbọ̀ ọjọ́, ti ìgbà díẹ̀ tàbí ti kaṣúà. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wà níbẹ̀, bí kò bá ti jẹ́ ará ilé ẹni. Òfin tó dá Industrial Training Fund sílẹ̀, àjọ tí gbogbo wa mọ̀ sí ITF, náà ka òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ mọ́ ọn bó bá ti lo ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán. Oṣù mẹ́ta ni àwọn èèyàn méjìlá wa máa lò.

Àwọn mìíràn á ní, "Kọńtírátọ̀ ni mo pè wọ́n." Kì í ṣe orúkọ ni adájọ́ máa ń wò. Lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ Shena Security àti Afropak, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa to àwọn ohun tó yẹ ní wíwò sílẹ̀. Ta ló ni irinṣẹ́? Ta ló ń dá àkókò iṣẹ́? Àyè ta ni wọ́n ti ń ṣe é? Ṣé owó oṣù ni wọ́n ń san? Ṣé ẹni náà lè rán ẹlòmíràn wá ṣe é dípò ara rẹ̀? Ọmọkùnrin tó ń dúró nídìí ẹ̀rọ ìgéwèé yín láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó ń gé pépà yín bẹ́ ẹ ṣe ní kó gé e, òṣìṣẹ́ yín ni. Bẹ́ ẹ bá tilẹ̀ ń san owó fún un lórí iye tó bá gé, nígbà tí ẹ̀rọ, àyè àti àṣẹ ti jẹ́ tiyín, ẹ má gbọ́kàn lé orúkọ kọńtírátọ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, tó fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ ṣe é, tó dá iye tirẹ̀ lé e, tó sì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, ìyẹn ni kọńtírátọ̀.

Ó yá, ẹ mú bírò.

Owó kìn-ín-ní jẹ́ ti àjọ NSITF, àwọn tó ń bójú tó owó ìtọ́jú tí mo sọ̀rọ̀ òfin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. ₦1 ni lórí ₦100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Lórí àwọn méjìlá, ₦12,000 lóṣù, ₦36,000 fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá ló ni í san, òfin náà sì kọ̀ ọ́ pátápátá pé kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Màá padà sórí èyí, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Owó ITF náà jẹ́ ₦1 lórí ₦100, ṣùgbọ́n owó ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Láti ọdún 1971 ni àjọ yìí ti wà. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tún òfin rẹ̀ ṣe lọ́dún 2011, agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ san án. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó márùn-ún náà á san án bí ọjà tó ń tà lọ́dún bá tó ₦50 mílíọ̀nù. Ọ̀gá wa ti ní mẹ́fà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó ti wà nínú rẹ̀. Àwọn onígbà díẹ̀ á fi ₦36,000 mìíràn lé e.

Owó ìfẹ̀yìntì ló wúwo jù, ibẹ̀ náà ni iye èèyàn ti ń ká ọ̀gá mọ́. Òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀gá wa ń fi òṣìṣẹ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́ láti oṣù Kìn-ín-ní, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Lọ́jọ́ tó gba méjìlá wọlé, wọ́n di méjìdínlógún. Mo ti rí àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń ka àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà gbogbo nìkan, tí wọ́n á ní àwọn ò tíì dé orí iye yẹn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ ka gbogbo orí tó wà nínú ìwé owó oṣù yín, bó bá sì ti tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ ti owó ìfẹ̀yìntì bọ inú iye iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló tọ́ sí òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì máa fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti agbanisíṣẹ́, ìdá 8 sì ni ti òṣìṣẹ́. Lórí ₦100,000, ₦10,000 máa jáde lápò yín, ẹ ó sì yọ ₦8,000 nínú owó rẹ̀. Lórí èèyàn méjìlá fún oṣù mẹ́ta, ti yín nìkan jẹ́ ₦360,000. Àwọn kan á ní kí ni òṣìṣẹ́ oṣù mẹ́ta fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì ṣe. Àkáǹtì ìfẹ̀yìntì kan ṣoṣo ni èèyàn ń ní láyé rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN sì ń bá a lọ sí ibi iṣẹ́ yòówù tó bá ń lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń gbà yìí ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn, wọ́n ti ní nọ́ńbà náà, owó ibẹ̀ sì ti ń sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta yín á kún un, oṣù mẹ́ta ẹlòmíràn á tún kún un. Òfin yìí kan náà ló ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, èyí tí iye rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín sí owó ọdún mẹ́ta òṣìṣẹ́ náà. Ẹ ní kí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sọ iye tí wọ́n máa gbà lórí àwọn tuntun fún yín kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà.

Ẹ ro ó pọ̀: ₦36,000, ₦36,000, ₦360,000. Ó di ₦432,000. ₦3,600,000 tí ọ̀gá wa kọ sílẹ̀ ti di ₦4,032,000 láìtíì ka ìnṣọ́ránsì. Lọ́rọ̀ mìíràn, ẹni tẹ́ ẹ bá gbà ní ₦100,000, ẹ kọ ₦112,000 sílẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ bí ₦100,000 náà bá jẹ́ owó kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Bí àwa ṣe ń náwó iṣẹ́ níbí, ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́? Rárá. Ọmọ tó ń wá iṣẹ́ ò ní béèrè owó kí wọ́n tó yọ nǹkan. Ohun tó máa bi yín ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló ló máa wọ ọwọ́ mi?" Ẹ̀yin náà á ní, "Ọgọ́rùn-ún." Ó ti parí. Lójú tirẹ̀, ₦100,000 ni yóò máa gbà lóṣooṣù, kò sì sí ọ̀gá tó máa yọ ₦8,000 níbẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́ tí kò ní di ìjà. Tẹ́ ẹ bá ti ṣèlérí iye tó máa wọ ọwọ́, ẹ̀yin lẹ gbé ẹrù tiyín, ẹ̀yin lẹ tún gbé tirẹ̀.

Apá kan nínú ẹrù tirẹ̀ ni owó orí PAYE. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 ti dín in kù fún mẹ̀kúnnù. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń bu owó orí lé lọ́dún kò ní owó orí kankan. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kúrò kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kò gbà ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là kalẹ̀, ìyẹn ₦70,000 láti ọdún 2024, kò ní san PAYE rárá. Lóṣooṣù ni agbanisíṣẹ́ máa ń yọ ọ́, yóò sì ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ọdún kan gbáko ni òṣìṣẹ́ máa fi gba irú owó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ìlérí ₦100,000 tó wọ ọwọ́. Kí ₦100,000 tó lè kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ìdá 8 ìfẹ̀yìntì àti owó orí, owó oṣù tó máa wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦115,090. Nínú rẹ̀, ₦9,207 lọ sí ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, nǹkan bí ₦5,880 sì lọ sí owó orí. Ìdá 12 ti agbanisíṣẹ́ náà á wá jẹ́ lórí ₦115,090, kì í ṣe lórí ₦100,000 mọ́. Gbogbo rẹ̀ á di nǹkan bí ₦128,900 lóṣù lórí ẹnì kan. Bí òṣìṣẹ́ bá ní ìwé ẹ̀rí owó ilé tó ń san, owó orí rẹ̀ lè dín sí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn dá iye. Lórí èèyàn méjìlá fún oṣù mẹ́ta, àlàfo tó wà láàárín ohun tí ọ̀gá wa rò àti ohun tó máa ná an ju ₦1 mílíọ̀nù lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé ló fà á.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ń ná iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ kedere: "Owó rẹ nìyí, wọ́n á yọ báyìí fún ìfẹ̀yìntì rẹ, orúkọ rẹ ló wà, wọ́n á yọ báyìí fún owó orí, ohun tó máa wọ ọwọ́ rẹ nìyí." Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa tilẹ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fún ẹni tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta náà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà yẹn. Ọjọ́ tó bá wọlé ni kẹ́ ẹ fún un. Kẹ́ ẹ sì béèrè ibi tó ń gbé. Ìjọba ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú lójoojúmọ́ ń jí kúrò ní Màgbórò tàbí Àkúté, ìpínlẹ̀ Ògùn sì nìyẹn. Ẹ̀ka méjì lẹ lè máa sanwó fún nínú oṣù kan.

Wàyí o, ìgbà tí owó wọ̀nyí máa ń dé. Ká ní ọ̀gá wa san owó oṣù Kejìlá lọ́jọ́ tí ọdún parí. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje, owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ ti dé ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Kìn-ín-ní, owó orí PAYE gbọ́dọ̀ ti wọlé. Owó NSITF ti oṣù náà ń dúró. Kó tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní, ìwé tó sọ iye tí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ gbà lọ́dún àti iye tí wọ́n yọ gbọ́dọ̀ ti dé ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀, títí kan ti àwọn méjìlá tó ti lọ. Owó ITF ló wá dé kẹ́yìn, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin sì ni gbèdéke rẹ̀. Ẹ wo oṣù tí púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí. Oṣù Kìn-ín-ní ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé máa ń tutù jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń ra kàlẹ́ńdà mọ́. Oṣù yẹn náà ni owó ilé ìwé, owó ilé àti gbèsè ọdún máa ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tó bá pẹ́ á fi kún un. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ITF ń gbé lé owó tó bá kù, oṣù kọ̀ọ̀kan ni. Lórí ìfẹ̀yìntì, kò lè dín sí ìdá 2 lóṣù. Èmi gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí ọ̀gá kékeré tí kò ní oníṣirò owó fi lè bọ́: lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó oṣù, kẹ́ ẹ gbé owó wọ̀nyí sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹní ń dá èsúsú tí kò lè kó kó tó kàn án. Ọ̀gá wa á san ₦1,200,000 fún òṣìṣẹ́, yóò sì gbé ₦144,000 lọ sí àkáǹtì kejì, òun àti gbogbo ohun tó bá yọ nínú owó wọn. Ohun tó yọ lọ́wọ́ wọn yẹn kì í ṣe tirẹ̀ láti ìgbà tó ti yọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó máa ń wù wá láti fi ra pépà sí i nígbà tí owó dọ́là ń gòkè. Ẹ má fi ra pépà.

Mo ní màá padà sórí owó NSITF. Bẹ́ ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo owó wọ̀nyí tí mi ò ní fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ kankan yẹ̀ sílẹ̀ láé, òun ni màá mú. Ẹ̀rọ ìgéwèé ò mọ òṣìṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ yàtọ̀ sí kaṣúà. Kódà, ọwọ́ tuntun ló máa ń wà nínú ewu jù, nítorí ẹni tó dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń sọ pé kó yára lọ́jọ́ Túsídeè, àsìkò ọdún ni, oníbàárà ń dúró, iná sì ń ṣe ségesège. Ọmọ tó bá fi ìka mẹ́ta lélẹ̀ níbẹ̀ ò ní padà sídìí iṣẹ́ ọwọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 2010, kò pọn dandan kó fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi. Bí ìfarapa náà bá ti ti inú iṣẹ́ wá, ètò wà fún owó ìtọ́jú rẹ̀, owó wà fún ẹni tó bá sọ ẹ̀yà ara nù, owó sì wà fún àwọn tó gbọ́ bùkátà lé ẹni tó bá kú. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, kò dúró de oṣù mẹ́ta.

Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ni pé kó fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ NSITF létí. Ẹ kọ iye ọjọ́ yìí sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé nílẹ̀ wa, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀gá á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò, á fún màmá rẹ̀ ní owó díẹ̀, àwọn àgbà á bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀. Àánú ni ọ̀gá rò pé òun ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ náà á gbé ọwọ́ yẹn kiri fún ogójì ọdún, kò sì sí bẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà tó máa bọ́ ọ fún ogójì ọdún. ₦1,000 lóṣù ni owó tó yẹ kí wọ́n ti san lé e lórí. Nínú iye kàlẹ́ńdà tí oníbàárà kan ń san, kò tó nǹkan rárá, oníbàárà ò sì ní kíyè sí i bẹ́ ẹ bá kà á mọ́ ọn.

Àwọn kan nínú yín á ní àwọn ò fẹ́ wàhálà yìí, iléeṣẹ́ tó ń pèsè òṣìṣẹ́ ni àwọn á pè. Kò burú. Ilé Iṣẹ́ Ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń fún irú wọn níwèé àṣẹ, ẹ sì ní kí wọ́n fi tiwọn hàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye tí wọ́n bá kọ fún yín. Owó òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, owó àwọn àjọ wà níbẹ̀, èrè tiwọn wà níbẹ̀, VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún náà wà níbẹ̀. Bí iye tí wọ́n bá gbà lórí òṣìṣẹ́ ₦100,000 bá jẹ́ ₦110,000, kí wọ́n sì ti yọ èrè wọn nínú rẹ̀, ẹ fi ìṣirò tá a ṣe lẹ́ẹ̀kan yẹ̀ ẹ́ wò: ₦112,000 ni owó tó yẹ kó jáde kó tó kan èrè. Á jẹ́ pé ẹnì kan wà tí wọn ò sanwó fún, òṣìṣẹ́ náà ni. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé owó tí wọ́n san lóṣù tó kọjá hàn yín, tòun ti orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Ohun mìíràn tún wà fún àwọn onítẹ̀wé pàápàá, nítorí púpọ̀ nínú wọn ń wá iṣẹ́ ìjọba: ìwé àjákọ ilé ẹ̀kọ́, fọ́ọ̀mù ọsibítù, ìwé ètò ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ìra-nǹkan ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ fi hàn pé òun ti san owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí ti PenCom, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ètò ìfẹ̀yìntì, ti ITF àti ti NSITF ni wọ́n máa ń béèrè. Ọ̀gá tó fi ₦432,000 pamọ́ lórí àwọn onígbà díẹ̀ ní oṣù Kejìlá lè pàdánù iṣẹ́ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní oṣù Kẹta nítorí ìwé kan ṣoṣo tí kò sí nínú fáìlì.

Bí iṣẹ́ bá wá ń parí, ẹ ṣọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ní kí wọ́n máa lọ. Lábẹ́ òfin iṣẹ́, ẹni tí kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan ni ìkìlọ̀ tó tọ́ sí i. Ẹni tó bá ti rékọjá oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fa iṣẹ́ wọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọdún tuntun, owó ọ̀sẹ̀ kan lè wọ inú ìṣirò yín lórí èèyàn méjìlá. Kó tó dọjọ́ náà, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní orúkọ olúkúlùkù bó ṣe wà nínú NIN rẹ̀, kì í ṣe "Bọ́ọ̀dá Gígé" tàbí "Ìyá Ìbejì," nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ibi tó ń gbé, ẹni tẹ́ ẹ lè pè fún un, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Láìsí ìwé yẹn, ẹ ò ní lè san owó tẹ́ ẹ ti yà sọ́tọ̀ sí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá san owó ìkẹyìn fún wọn, ẹ fún olúkúlùkù ní bébà kan tó sọ iye tó gbà látìbẹ̀rẹ̀, iye tẹ́ ẹ yọ fún owó orí àti ọ́fíìsì tẹ́ ẹ san án sí, iye tẹ́ ẹ yọ fún ìfẹ̀yìntì àti iye tiyín tẹ́ ẹ fi lé e. Òṣìṣẹ́ tó bá mú bébà yẹn dé ibi iṣẹ́ mìíràn nínú ọdún kan náà lè fi bi ọ̀gá tuntun léèrè ohun tó tọ́ sí i, ó sì lè fi béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì owó orí bí wọ́n bá ti yọ owó rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí oṣù mẹ́ta ló ṣe, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ bí ẹni tó ṣe méjìlá.